Yíya àwòrán ilẹ̀ àbàtà etí ọ̀sà: Ohun tí ó kan ará Rẹ́mọ

Ará Ìperu lè rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀sà kò kan òun, nítorí pé orí ilẹ̀ gbígbẹ ni ìlú rẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà Ìkòròdú ni àwọn oníṣòwò Rẹ́mọ ń gbà láyé àtijọ́ kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Èkó, gúúsù kan náà sì ni omi òjò ilẹ̀ Rẹ́mọ ń ṣàn sí. Àbàtà tí ó yí ọ̀sà ká ni ó máa ń gba omi dúró, tí ó sì ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí a bá fi yanrìn dí i, omi yóò wá ọ̀nà mìíràn, ilé àti oko ni yóò sì gbà kọjá. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a mọ ibi tí àbàtà wà àti bí ó ti fẹ̀ tó.

Ní ọdún 1972 ni Amẹ́ríkà fi sátẹ́láìtì Landsat àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí òfuurufú. Ọdún náà ni wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ RECTAS sílẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí a ti ń kọ́ni ní irú iṣẹ́ yìí. AFRIGIST ni orúkọ rẹ̀ nísinsìnyí. Nàìjíríà fi NigeriaSat-1 tirẹ̀ ránṣẹ́ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2003.

Sátẹ́láìtì máa ń rí ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú ènìyàn kò lè rí. Omi ń gbé ìmọ́lẹ̀ yìí mì, ewé tútù sì ń dá a padà; nítorí náà, omi a dúdú nínú àwòrán, igbó a sì mọ́lẹ̀ kedere. Ìkùukùu ìgbà òjò ni ìṣòro kìíní. Rédà ni ó lè ríran kọjá rẹ̀, irú èyí tí ó wà lára Sentinel-1 tí àwọn ará Yúróòpù fi ránṣẹ́ ní 2014.

Ìṣòro kejì ni koríko ojú omi olódòdó elésè àlùkò, tí ó ya wọ omi Nàìjíríà láti Àgbádárìgì ní 1984. Ibi tí ó bá bò lè dà bí ilẹ̀ gbígbẹ lójú sátẹ́láìtì. Ẹni tí ń ya máàpù gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ lọ síbẹ̀, kí ó sì bi àwọn apẹja léèrè.

Irú iṣẹ́ yìí náà ni wọ́n ń ṣe ní Alaska àti Siberia. Yìnyín inú ilẹ̀ ń yọ́ níbẹ̀, ilẹ̀ ń rì, adágún omi sì ń yọ. Òmíràn a tún fọ́, a sì gbẹ. Àwòrán ọdún púpọ̀ tí a fi wéra ni ó ń fi èyí hàn. Yìnyín ni ó ń yí máàpù tiwọn padà. Ní etí ọ̀sà tiwa, yanrìn àti ilé wà lára ohun tí ń yí i padà. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra ilẹ̀ níbẹ̀, kí ó kọ́kọ́ wo àwòrán àtijọ́, nítorí omi kì í gbàgbé ọ̀nà rẹ̀.