Teslim "Thunder" Balogun: ohun tó mú bọ̀ láti ìlú òyìnbó

 

Àwọn ọmọ wa mọ Bukayo Saka, wọ́n mọ Ademola Lookman. Wọ́n á ka orúkọ gbogbo agbábọ́ọ̀lù Arsenal fún yín láì wo ibì kankan. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n pé ta ló kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn yẹn fún ọmọ Nàìjíríà, wọ́n á dákẹ́. Tí wọ́n bá sì gbọ́ orúkọ Teslim Balogun, pápá ìṣeré tó wà ní Sùúrùlérè l'Ékòó nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Èèyàn ni o. Ọmọ Yorùbá ni, ó sì fi àjò ṣe ilé bíi tiwa. Ìdí nìyẹn tá a fi ní ká sọ ìtàn rẹ̀ lónìí, pàápàá fún ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń sọ pé òun fẹ́ pa ìwé tì torí bọ́ọ̀lù.

Tẹ̀sílímì Ọláwálé Àyìndé Balógun ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Ọdún 1927 ni wọ́n bí i l'Ékòó, ṣùgbọ́n Port Harcourt ló ti lọ sí iléèwé St Mary's, ibẹ̀ ló sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbá bọ́ọ̀lù. Ọmọ ọdún 12 ni nígbà tí ogun Hitler bẹ́ sílẹ̀ ní 1939, ó ti pé 18 nígbà tí ogun náà parí ní 1945. Ọdún 1945 yẹn náà ni ìdíje ife ẹ̀yẹ Gómìnà bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, èyí tó wá di Challenge Cup táwọn àgbà wa mọ̀.

Ẹ má rò pé owó ńlá wà nínú bọ́ọ̀lù nígbà náà o. Ilé iṣẹ́ ló ní àwọn ẹgbẹ́ tó lórúkọ: Marine, Rélùwéè, UAC, báńkì. Tó o bá mọ bọ́ọ̀lù gbá, wọ́n á fún ẹ níṣẹ́. O ó ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, o ó bọ́ sí pápá nírọ̀lẹ́. Balógun gbá fún Marine, ó gbá fún Rélùwéè, ó gbá fún Pan Bank àti UAC. Kódà ó wá sí Òkè Ọya níbí, ó gbá fún ìlú Jos. Láyé ìgbà yẹn, rélùwéè kékeré ṣì ń ti Zaria wa yìí lọ sí Jos àti Bukuru, 1957 ni wọ́n tó pa á tì. Ṣebí ojú irin náà ló gbé ọ̀pọ̀ bàbá wa láti Ọ̀fà àti Ògbómọ̀ṣọ́ wá síbí. Bí wọ́n ṣe ń wá ọjà kiri ni òun náà ń bá bọ́ọ̀lù kiri. Tó bá sì gbá bọ́ọ̀lù sílé, àfi bíi pé àrá sán. Ibẹ̀ ni "Thunder" ti wá.

Ní oṣù kẹjọ 1949, wọ́n ṣa agbábọ́ọ̀lù 18 jọ láti oríṣiríṣi ìlú, Etim Henshaw ni olórí wọn, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi tó ń jẹ́ Apapa lọ sí Liverpool. Balógun wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ lásán lọ̀pọ̀ wọn fi gbá bọ́ọ̀lù! Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n na ẹgbẹ́ Marine ti Crosby ní àmì ayò 5 sí 2. Nínú mẹ́sàn-án tí wọ́n gbá, wọ́n borí nínú 2, wọ́n ta ọ̀mì nínú 2, wọ́n pàdánù 5. Òyìnbó ya ẹnu.

Ní 1955, Balógun padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti lọ gbá bọ́ọ̀lù fún Peterborough United, ó ti pé ọmọ ọdún 28. Ọ̀gá tó bá níbẹ̀ ni George Swindin, aṣọ́lé Arsenal àtijọ́. Ìtàn òyìnbó yìí náà yẹ ní gbígbọ́. Ó gba líìgì pẹ̀lú Arsenal ní 1938. Ọdún tó tẹ̀lé e, ogun dé, wọ́n dá líìgì dúró, kò padà bọ̀ sípò títí di 1946. Ogun jẹ ọdún tó yẹ kó fi lo agbára rẹ̀. Síbẹ̀ ó padà, ó tún gba líìgì ní 1948 àti 1953, lẹ́yìn náà ló wá ń kọ́ àwọn mìíràn.

Ní 1956, Balógun bọ́ sí Queens Park Rangers ní London, ní ìpín kẹta. Òun ni wọ́n kà sí ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gbá bọ́ọ̀lù nínú líìgì àgbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 13 ló gbá nínú líìgì, ó jẹ ayò 3. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó tún gbá fún àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké bíi Skegness Town àti Holbeach United. Owó ńkọ́? Títí di 1961, òfin wà níbẹ̀ pé agbábọ́ọ̀lù kankan kò gbọdọ̀ gbà ju £20 lọ́sẹ̀, bó ti wù kó mọ̀ ọ́n gbá tó.

Kí ló wá mú bọ̀? Iṣẹ́ ni. Ó kọ́ iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá, ó sì padà wálé. Àwọn àgbà máa ń sọ pé àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ìbàdàn ló jókòó sí, ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ Ìwọ̀-Oòrùn ní bọ́ọ̀lù. Ní oṣù keje 1972 ló kú, ọmọ ọdún 45 péré. Ní 2007 ni wọ́n ṣí pápá ìṣeré tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ibi tí ọ̀rọ̀ kàn wá nìyí. Àwọn kan ń kiri àdúgbò wa báyìí, wọ́n ń pe ara wọn ní ẹ̀jẹ́ǹtì, wọ́n ń gbowó lọ́wọ́ òbí pé àwọn á mú ọmọ lọ sí Yúróòpù. A ti rí ẹni tó ta máṣíìnì tó fi ń jẹun. Owó lọ, ọmọ ò kọjá Èkó, ìwé náà sì ti bàjẹ́. A ò ní kí ọmọ má gbá bọ́ọ̀lù o. Kó gbá a! Ṣùgbọ́n ẹ wo Thunder fúnra rẹ̀: kó tó lọ, iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí bọ́ọ̀lù tán lẹ́sẹ̀ rẹ̀, iṣẹ́ ló fi ń jẹun. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, àwa oníṣòwò la mọ̀ ọ́n jù. Ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ parí iléèwé, kó sì kọ́ṣẹ́ kan mọ́ ọn. Ẹni tó bá sì ní kẹ́ ẹ sanwó kóun tó wo ọmọ yín, ẹ sá fún un.

Ẹ pe àwọn ọmọ jókòó, kẹ́ ẹ ka ìtàn yìí sí wọn létí. Ire o.