Ilẹ̀ Mímọ́ Ṣáájú Oògùn: Ìtàn Ilé Ìwòsàn Lẹ́yìn Àjálù Iṣẹ́ Kùsà

Nínú ìtàn ìlera ní ilẹ̀ Nàìjíríà, àjálù iṣẹ́, ìyẹn ewu ńlá tí ó ti ilé-iṣẹ́ tàbí ibi ìwakùsà jáde tí ó sì kan odidi ìlú, kì í sábà ní orí tirẹ̀, nítorí pé àwọn òǹkọ̀wé a máa kà á mọ́ àjàkálẹ̀ àrùn. Bẹ́ẹ̀, ọ̀tọ̀ ni àrùn tí ẹ̀fọn tàbí omi ìdọ̀tí ń gbé kiri, ọ̀tọ̀ ni májèlé tí iṣẹ́ òòjọ́ gbé wọ inú ilé. Ilé ìwòsàn tí a kọ́ nítorí ti àkọ́kọ́ kò sì lè kápá èkejì bí a kò bá yí ọ̀nà iṣẹ́ rẹ̀ padà. Ìtọ́jú tí wọ́n gbé kalẹ̀ lẹ́yìn májèlé òjé ní Zamfara láti ọdún 2010, àti ní Shikira ní ìpínlẹ̀ Niger lẹ́yìn ọdún 2015, ni ó fi èyí hàn kedere jù lọ ní orílẹ̀-èdè yìí. Ìtàn náà sì kan agbègbè Èkìtì àti Òkè-Ẹ̀rọ̀ ní ìpínlẹ̀ Kwara, níbi tí ilé ìwòsàn ìlú ti ní ìtàn gígùn, tí ilẹ̀ ibẹ̀ sì wà lẹ́bàá àwọn òkúta tí àwọn awakùsà ń wá kiri.

Ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì ti Kwara, tí ó yàtọ̀ sí ìpínlẹ̀ Èkìtì tí ó wà ní gúúsù rẹ̀, ni Ọ̀sì, Ọ̀bọ-Ayégúnlẹ̀, Ọ̀bọ-Ilé, Èrúkù àti Àràròmí-Ọ̀pin wà, nígbà tí Ìlọ́fà àti Odò-Ọwá wà ní Òkè-Ẹ̀rọ̀. Láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, abẹ́ Ẹkùn Ìlọrin ní Àríwá ni gbogbo wọn wà, kí wọ́n tó di ara ìpínlẹ̀ tí a wá sọ ní Kwara, tí ìjọba ológun dá sílẹ̀ ní 1967. Kí ìṣègùn òyìnbó tó dé, ọwọ́ oníṣègùn, adáhunṣe àti ìyá agbẹ̀bí ni ìtọ́jú aláìsàn wà. Ní 1908 ni Tommy Titcombe, ará Kánádà tí ẹgbẹ́ ajíhìnrere Sudan Interior Mission rán wá, dé Ẹ̀gbẹ́ ní ilẹ̀ Yàgbà, tí kò jìnnà sí Èrúkù. Ní àwọn ọdún 1950, ẹgbẹ́ náà gbé ilé ìwòsàn ńlá kan kalẹ̀ níbẹ̀, èyí tí ó wà lábẹ́ ìjọ ECWA lónìí, kí ààlà ìpínlẹ̀ Kogi tó gba àárín Ẹ̀gbẹ́ àti Èrúkù kọjá ní 1991.

Ìpele kejì ìtàn náà ni ètò ìlera alábọ́dé, ìyẹn ìlànà tí ó fi ìtọ́jú àkọ́kọ́ sí ẹnu ọ̀nà ará ìlú dípò kí gbogbo aláìsàn máa rìnrìn àjò lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ìpàdé àgbáyé tí wọ́n ṣe ní Alma-Ata ní 1978 ni ó gbé ìlànà yìí jáde, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tí ó jẹ́ mínísítà ètò ìlera láti 1985 sí 1992, ni ó sì fi í sí abẹ́ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ní Nàìjíríà. Káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ a máa dáwó jọ láti kọ́ ilé, ìlú a fi ilẹ̀ sílẹ̀, ìjọba a sì rán nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìlera wá. Ibà, ìgbẹ́ gbuuru, abẹ́rẹ́ àjẹsára àti ìbímọ ni irú ilé bẹ́ẹ̀ ń kojú. Bí ọmọ bá ní gìrì, ibà ni òṣìṣẹ́ kọ́kọ́ ń fura sí, nítorí pé ibà ni ó máa ń fà á lọ́pọ̀ ìgbà, kò sì sí ohun kan nínú àpótí oògùn rẹ̀ tí ó lè fi mọ̀ bí ó bá jẹ́ pé òjé ni.

Ní ti ilẹ̀ Èkìtì àti Òkè-Ẹ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, kò jẹ́ ohun àjèjì fún àwọn onímọ̀ òkúta. Ní 1949 ni ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń ṣàyẹ̀wò ilẹ̀ Nàìjíríà tẹ ìwé kan jáde tí L. C. King àti A. M. J. de Swardt kọ lórí òkúta agbègbè Ọ̀sì. Ní ìlà oòrùn rẹ̀ ni ọ̀já òkúta Ẹ̀gbẹ́ àti Ìsánlú wà, tí wúrà wà nínú rẹ̀, tí àwọn òkúta funfun oníyebíye tí ń mú tántálọ́ọ̀mù jáde sì yọ lára rẹ̀ ní àyíká Ẹ̀gbẹ́. Níbi tí irú òkúta bẹ́ẹ̀ bá wà, awakùsà alágbàro, ìyẹn ẹni tí ó ń fi ṣọ́bìrì, òòlù àti ẹ̀rọ kékeré wa ilẹ̀ láìsí ilé-iṣẹ́ ńlá lẹ́yìn rẹ̀, kì í pẹ́ dé. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìtàn Zamfara dá lé lórí.

Nígbà tí iye wúrà ń gòkè lọ́jà àgbáyé ní òpin ẹ̀wádún àkọ́kọ́ ọ̀rúndún yìí, àwọn àgbẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Anka àti Bukkuyum ní Zamfara fi ìwakùsà kún iṣẹ́ oko. Wọ́n ń gbé òkúta oníwúrà láti ibi ìwakùsà wá sí ilé, wọ́n ń fọ́ ọ, wọ́n ń fi ẹ̀rọ tí ó ń lọ ọkà lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n ń fi omi ṣẹ́ ẹ, wọ́n sì ń fi mẹ́kúrì, irin olómi tí ó máa ń fa wúrà mọ́ra, kó wúrà jọ. Inú àgbàlá ni púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí ti ń wáyé, nítorí pé àwọn obìnrin eléhàá, tí àṣà kò jẹ́ kí wọ́n máa jáde, náà ń kópa nínú rẹ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ni pé òjé pọ̀ nínú òkúta náà ju bí ó ti yẹ lọ, eruku rẹ̀ sì bà sórí ẹní, sínú ìkòkò àti sórí ilẹ̀ tí àwọn ọmọ ń rá lé. Nínú àwọn àgbàlá kan, òjé inú erùpẹ̀ ju ìpín 100,000 nínú mílíọ̀nù kan lọ, bẹ́ẹ̀ 400 péré ni òfin Amẹ́ríkà kà sí ààlà nígbà náà fún ilẹ̀ tí ọmọdé ń ṣeré lórí rẹ̀.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2010 ni ẹgbẹ́ Médecins Sans Frontières, ìyẹn àwọn dókítà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ibi tí ìṣòro bá wà láìka ààlà orílẹ̀-èdè sí, tí a mọ̀ sí MSF, gbọ́ nípa àwọn ọmọdé tí wọ́n ń ní gìrì tí wọ́n sì ń kú, tí oògùn ibà kò sì ran wọ́n lọ́wọ́. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà fi hàn pé òjé ni. Ní oṣù Karùn-ún, ikọ̀ kan tí ìjọba Nàìjíríà, àjọ ìlera àgbáyé àti CDC, àjọ tí ń dènà àrùn ní Amẹ́ríkà, wà nínú rẹ̀ ṣèwádìí ní abúlé Dareta àti Yargalma. Nínú ọmọ 463 tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, 118 ti kú láàárín ọdún kan. Nínú 204 tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò nínú àwọn tí ó ṣẹ́ kù, 198 ni òjé inú ẹ̀jẹ̀ wọn tó máíkírógíráàmù 45 nínú dẹ̀sílítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn ìwọ̀n tí ó di dandan kí a fún ọmọ ní oògùn tí ń lé òjé jáde. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ yóò fi hàn tán, ó kéré tán 400 ọmọ ni ó ti bá àjálù náà lọ.

Oògùn náà ni DMSA, hóró tí ọmọ ń gbé mì, tí ó ń so mọ́ òjé nínú ẹ̀jẹ̀ tí ó sì ń bá ìtọ̀ gbé e jáde. Kò sí ibi kankan láyé tí wọ́n ti lò ó fún ọmọ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí: láàárín oṣù Kẹfà 2010 àti oṣù Kẹfà 2011, ọmọ 1,156 gba ìpele ìtọ́jú 3,180. Àwọn dókítà kò dúró de ilé tuntun kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ya wọ́ọ̀dù sọ́tọ̀ nínú ilé ìwòsàn ìjọba ní Bukkuyum àti Anka fún àwọn tí ara wọn kò yá rárá, wọ́n sì ń lọ bá àwọn yòókù ní abúlé, níbi tí àwọn ìyá ti ń gbé ọmọ wá láti gba oògùn àti láti tún ẹ̀jẹ̀ wò.

Ìlànà kan wà tí ó mú ìtọ́jú yìí yàtọ̀ sí ti ìgbàanì, òun ni pé àgbàlá ọmọ gbọ́dọ̀ ti mọ́ kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ oògùn. Bí a bá lé òjé kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ tí ó tún padà sí orí erùpẹ̀ kan náà, òjé a padà wọ inú rẹ̀, oògùn a sì di àṣedànù. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Nítorí náà ni iṣẹ́ ìfọ̀mọ́ ilẹ̀ fi ṣáájú: àwọn onímọ̀ láti ilé-iṣẹ́ TerraGraphics, tí wọ́n ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Idaho ní Amẹ́ríkà níbi tí ilé-iṣẹ́ tí ń yọ́ òjé ti ba agbègbè Bunker Hill jẹ́, darapọ̀ mọ́ àjọ Blacksmith Institute, ìjọba Zamfara àti àwọn ará abúlé. Wọ́n há erùpẹ̀ òkè ilẹ̀ kúrò nínú àgbàlá kọ̀ọ̀kan, wọ́n lọ sin ín sí ihò tí wọ́n gbẹ́ fún un, wọ́n sì da erùpẹ̀ mímọ́ dípò rẹ̀. Dareta àti Yargalma ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní àárín ọdún 2010. Nígbà tí ó fi di oṣù Kẹta 2011, abúlé méje ti mọ́.

Bagega, tí ó jẹ́ ìkẹjọ, ni ó fi hàn bí ìlànà yìí ti le tó. Owó tí ìjọba àpapọ̀ ṣèlérí fún ìfọ̀mọ́ rẹ̀ kò tètè dé, àwọn ọmọ ibẹ̀ sì ń dúró láìrí ìtọ́jú kíkún gbà bí oògùn tilẹ̀ wà nítòsí. Ní oṣù Karùn-ún 2012, ìpàdé àgbáyé kan tí wọ́n ṣe ní Àbújá gbà pé ọ̀nà mẹ́ta ni ojútùú náà ní, ìyẹn ìtọ́jú, ìfọ̀mọ́ ilẹ̀ àti ìwakùsà tí kò ní ewu, àti pé ọ̀kan kò lè rọ́pò èkejì. Ní oṣù Kìíní 2013 ni owó náà jáde, oṣù Kejì ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó sì parí ní oṣù Keje. MSF kò kúrò lẹ́nu iṣẹ́ náà títí di ọdún 2022. Ọdún méjìlá ni ìtọ́jú tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀ràn pàjáwìrì fi gbà wọ́n.

Ní oṣù Karùn-ún 2015, ilé-iṣẹ́ ètò ìlera ti ìjọba àpapọ̀ kéde pé irú májèlé kan náà ti pa ọmọ 28 ní Shikira ní ìjọba ìbílẹ̀ Rafi ti ìpínlẹ̀ Niger, tí ó bá Kwara pààlà. Níbẹ̀ pẹ̀lú, ìfọ̀mọ́ ilẹ̀ ní 2016 ni ó ṣí ọ̀nà fún ìtọ́jú, wọ́n sì tún fi ẹ̀kọ́ kẹta kún un: wọ́n kọ́ àwọn awakùsà láti máa da omi sí òkúta bí wọ́n ti ń lọ̀ ọ́ kí eruku má baà fò, kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ lọ́nà jíjìn sí ilé, kí wọ́n sì bọ́ aṣọ iṣẹ́ kí wọ́n tó wọlé.

Ìtàn Bhopal ní Íńdíà jẹ́ òdìkejì tí ó yẹ kí a fi wé èyí. Ní òru ọjọ́ kejì mọ́jú ọjọ́ kẹta oṣù Kejìlá 1984, gáàsì olóró jò láti ilé-iṣẹ́ oògùn kòkòrò ti Union Carbide, ó sì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Ní 1985, àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni ṣí ilé ìwòsàn kan sí ẹ̀gbẹ́ ilé-iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́pàá já wọ ibẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún náà, wọ́n sì kó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ní 1996 ni ilé ìwòsàn Sambhavna ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, lábẹ́ àjọ tí Satinath Sarangi wà lára àwọn tí ó dá a sílẹ̀, pẹ̀lú owó tí ènìyàn lásán láti ilẹ̀ òkèèrè dá. Ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú rẹ̀, ó pa ìṣègùn òyìnbó pọ̀ mọ́ egbòogi Ayurveda, ìyẹn ìṣègùn ìbílẹ̀ Íńdíà, tí ó ń gbìn sínú ọgbà tirẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì ń lọ láti ilé dé ilé láti kọ ìtàn àìsàn ìdílé kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Síbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò fọ ilẹ̀ ilé-iṣẹ́ náà mọ́. Májèlé inú rẹ̀ wọ omi abẹ́ ilẹ̀ tí àwọn ará àdúgbò ń mu, ó sì di oṣù Kìíní 2025 kí wọ́n tó kó tọ́ọ̀nù 337 pàǹtírí olóró kúrò níbẹ̀. Sambhavna ní ohun gbogbo tí ilé ìwòsàn ìlú lè ní, àfi àṣẹ lórí ilẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí àwọn aláìsàn tuntun fi ń dara pọ̀ mọ́ àwọn ti àtijọ́ níbẹ̀.

Bí a bá gbé ìtàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí lé orí ilé ìwòsàn alábọ́dé Ọ̀sì tàbí ti Ìlọ́fà, iṣẹ́ tí ó yẹ kí ó ti máa ṣe ṣáájú àjálù ni ó kọ́kọ́ hàn. Bí kò bá sí ẹni tí ó ń kọ iye ọmọ tí ó kú àti ohun tí ó ṣe wọ́n sílẹ̀, gìrì tí òjé fà a máa jẹ́ ibà nínú ìwé títí gbogbo àdúgbò yóò fi ṣófo. Òṣìṣẹ́ tí ó bá rí i pé gìrì pọ̀ ní abúlé tí wọ́n ti ń lọ òkúta gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ó lè fi ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ sí fún àyẹ̀wò, ìlú náà sì gbọ́dọ̀ lè pàṣẹ pé ẹ̀rọ tí ó ń lọ èlùbọ́ kò gbọdọ̀ lọ òkúta.

Ọ̀ràn kejì kan òfin. Òfin ìwakùsà Nàìjíríà ti 2007 pàṣẹ pé kí ilé-iṣẹ́ tí ó bá gba ìwé àṣẹ ìwakùsà bá ìlú ṣe àdéhùn ìdàgbàsókè kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ètò ìlera sì wà lára ohun tí àdéhùn náà lè ní. Òfin kan náà dá owó kan sílẹ̀ fún ìtọ́jú àti àtúnṣe ilẹ̀. Àdéhùn yìí kò de awakùsà alágbàro, irú èyí tí ó fa ti Zamfara, nítorí náà ìjọba ìbílẹ̀ àti ìgbìmọ̀ ọba ni ẹrù irú awakùsà bẹ́ẹ̀ já lé. Ṣùgbọ́n fún ilé-iṣẹ́ tí ó ní ìwé àṣẹ, ilé ìwòsàn tuntun ni ẹ̀bùn tí ó rọrùn jù láti gbé fún ìlú, nítorí pé ó ṣeé ṣí pẹ̀lú ayẹyẹ, bẹ́ẹ̀ ìfọ̀mọ́ ilẹ̀ kò ní ayẹyẹ kankan. Ìlú tí ó bá gba ilé náà láìbéèrè ẹni tí yóò san owó ìfọ̀mọ́ àti iye ọdún tí ìtọ́jú yóò fi wà kò tíì gba ju ìdajì ohun tí òfin fi sí ọwọ́ rẹ̀ lọ. Bhopal sì ti fi hàn pé ìdajì yẹn nìkan kò dí orísun àìsàn.