Ìtàn Òróró Tí Wọ́n Sọ Di Líle

Àkàrà ni ìyá àgbà mi ń dín tà ní Mọ́dákẹ́kẹ́. Bí wọ́n bá tà tán, wọn a da òróró tó ṣẹ́kù sínú kẹ́ẹ̀gì. Lọ́jọ́ kejì, wọn a da tuntun lé e. Lọ́dún tó kọjá, àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu bàbá àgbà. N kò lè sọ pé òróró ló fà á, ṣùgbọ́n ìgbà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ohun tí à ń jẹ.

Ní ọdún 1902, Wilhelm Normann, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, forúkọ ọgbọ́n kan sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba: ó fi háídírójìn sínú òróró, òróró náà sì dì. Inú àwọn oníṣòwò dùn, nítorí ọ̀rá tó dì kì í tètè bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe wọ inú bọ́tà àti bisikíìtì.

Kí ló ṣẹlẹ̀ sí òróró náà? Ásíìdì oleic àti elaidic dà bí ìbejì: kábọ́ọ̀nù 18, háídírójìn 34 àti ọ́síjìn 2 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ní. Ṣùgbọ́n oleic tẹ̀ láàárín, elaidic sì nà gbọọrọ. Nínú ooru ilé wa, oleic á máa ṣàn, elaidic á dì. Elaidic wà lára ohun tí wọ́n ń pè ní ọ̀rá trans. Ojú lásán kò lè dá a mọ̀ nínú oúnjẹ. Ní yàrá àyẹ̀wò, wọ́n máa ń sọ ọ̀rá di oru, wọ́n á sì tì í gba inú ọ̀pá tín-ín-rín tó lè gùn tó mítà 100. Ìbejì méjèèjì kì í jáde lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní 1957, Fred Kummerow ní Amẹ́ríkà kéde pé òun rí ọ̀rá yìí nínú ara òkú èèyàn. Díẹ̀ ló gbọ́ tirẹ̀. Ní 1990, Mensink àti Katan fi hàn pé ó ń mú cholesterol burúkú pọ̀, ó sì ń dín èyí tó dára kù. Ní 2003, Dẹ́ńmáàkì fi òfin dé e. Kummerow pé ẹni ọdún 98 nígbà tó pe ìjọba lẹ́jọ́ ní 2013; ní 2015, Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú oúnjẹ. Ní Nàìjíríà, òfin NAFDAC sọ pé kò gbọdọ̀ ju gíráàmù 2 lọ nínú 100 gíráàmù ọ̀rá.

Dídín nǹkan nínú òróró kan náà léraléra máa ń fi díẹ̀ kún ọ̀rá yìí. Mo sọ fún ìyá àgbà. Wọ́n bi mí pé, "Ta ni yóò fún mi lówó òróró tuntun?" N kò rí èsì fọ̀. Ṣùgbọ́n ní báyìí, ìwọ̀nba òróró ni wọ́n ń dà sí agbada, kí ìṣẹ́kù má baà pọ̀. Kẹ́ẹ̀gì náà ti ṣófo.