Òkúta Pupa Inú Àpótí Ìyá Wa

Àwọn kan ń kó sítáǹbù jọ, àwọn kan ń kó owó àtijọ́ jọ, sísì àti tọ́rọ́ ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Òkúta ni èmi ń kó jọ ní tèmi. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn aládùúgbò mi ní Sùúrùlérè, ẹ̀rín ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń rín. "Òkúta kẹ̀? Ṣé ẹ fẹ́ kọ́lé ni?" Ṣùgbọ́n bí mo bá tú wọn sórí tábìlì, tí iná tàn sí wọn lára, tí ìlà funfun, ìlà pupa àti ìlà aláwọ̀ eérú ń yí ara wọn po, ẹni tó ń rẹ́rìn-ín á sún mọ́ tòsí, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ ti rí eléyìí?"

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ìbéèrè yẹn gan-an ni adùn òkúta kíkó jọ. Ẹwà nìkan kọ́, owó sì kọ́. Níbo ló ti wá? Ọwọ́ ta ló gbẹ́ ẹ? Ọrùn ta ló wà kó tó dé ọ̀dọ̀ mi?

Òkúta tí mo ń wí yìí ni àwọn òyìnbó ń pè ní agate. Láti ara orúkọ odò kan ní erékùṣù Sicily, odò Achates, ni wọ́n ti rí orúkọ náà. Theophrastus, ọ̀mọ̀wé ará Gíríìkì, ti kọ nípa rẹ̀ ní nǹkan bí 2,300 ọdún sẹ́yìn. Inú òkúta tó yọ́ láti inú òkè oníná ló ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Bí òkúta yíyọ́ náà bá ń tutù, atẹ́gùn inú rẹ̀ á fi ihò sílẹ̀, bí ihò ṣe máa ń wà nínú búrẹ́dì. Omi á máa rin wọ inú ihò wọ̀nyí pẹ̀lú èròjà kan tó jẹ́ ọmọ ìyá yanrìn. Èròjà náà á máa lẹ̀ mọ́ ara ihò ní ìpele-ìpele títí ihò yóò fi dí. Ìpele wọ̀nyí ló di ìlà tí à ń rí. Èyí tó bá pupa, tí kò sì nílà, carnelian ni wọ́n ń pè é, ìdílé kan náà ni wọ́n.

Ẹ má jẹ́ ká ṣi í mú o. Iyùn gidi kì í ṣe òkúta inú ilẹ̀. Inú òkun ni wọ́n ti ń kó o, ohun ẹlẹ́mìí kéékèèké ló kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n lẹ́nu àwa Yorùbá, ohun pupa tó bá ti níyì lọ́rùn ọba tàbí lọ́rùn ìyàwó, iyùn la sáà ń pè é. Ìdí nìyẹn tí òkúta pupa fi wà nínú àpótí àwọn ìyá wa ní Múṣin àti ní Yábàá, tí àwọn ọmọ wọn kò sì mọ̀ pé òkúta ni.

Ẹ jẹ́ ká wá tọpa rẹ̀. Ìlú kan wà ní ìwọ̀ oòrùn Íńdíà, ní Gujarat, tó ń jẹ́ Khambhat. Cambay ni àwọn oníṣòwò ayé àtijọ́ ń pè é. Wọ́n á to òkúta sínú ìkòkò, wọ́n á fi iná yan án díẹ̀díẹ̀, irin tó wà nínú òkúta náà á sì sọ ọ́ di pupa. Iṣẹ́ yìí ti pẹ́ lágbègbè ọ̀hún. Ìlẹ̀kẹ̀ carnelian láti apá ibẹ̀ wà nínú ibojì àwọn ọba Ur, ní ilẹ̀ tó di Iraq lónìí, ó ti tó 4,500 ọdún. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ọkọ̀ ojú omi gbé irú ìlẹ̀kẹ̀ Íńdíà bẹ́ẹ̀ dé Íjíbítì, ràkúnmí sì gbé e la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá wá sí ọ̀dọ̀ tiwa.

Kò tún jìnnà sílé mọ́ báyìí. Ní 1938, Isaiah Anozie ń gbẹ́ kòtò omi nínú àgbàlá rẹ̀ ní Igbo-Ukwu, ni ọkọ́ rẹ̀ bá kan ohun èlò idẹ. Thurstan Shaw wá walẹ̀ níbẹ̀ ní 1959 sí 1960, ó tún padà ní 1964. Ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n rí lé ní 165,000. Dígí ló pọ̀ jù nínú wọn, ṣùgbọ́n carnelian wà níbẹ̀. Ọ̀rúndún kẹsàn-án ni wọ́n kà wọ́n sí. Ẹ ò rí nǹkan! Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí ọkọ̀ òyìnbó tó gúnlẹ̀ sí etíkun wa, òkúta tó mọ́ roro ti wà lọ́rùn àwọn èèyàn níhìn-ín.

Àwa Yorùbá náà kì í kàn án ṣe oníbàárà. A ní oníṣẹ́ tiwa. Àwọn tó ń gbẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ ní Ìlọrin sọ pé Ọ̀yọ́ Ilé ni àwọn baba ńlá àwọn ti gbé iṣẹ́ náà wá, nígbà tí ìlú náà tú ní àwọn ọdún 1830. Lantana ni orúkọ ìlẹ̀kẹ̀ wọn. Wọ́n á la òkúta pupa, wọ́n á fi irin ṣá a títí á fi ṣe bí ìlẹ̀kẹ̀. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń lu ihò sí i, díẹ̀ níhìn-ín, díẹ̀ lọ́hùn-ún, títí ihò méjèèjì á fi pàdé láàárín. Bí ọwọ́ bá yẹ̀ díẹ̀ báyìí, ó ti fọ́ nìyẹn, iṣẹ́ ti ṣòfò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá fi omi lọ̀ ọ́ lórí òkúta títí á fi máa dán. J. D. Clarke kọ nípa wọn nínú ìwé ìròyìn Nigeria ní 1938. Nígbà tí Ann O'Hear fi máa kọ tirẹ̀ ní 1986, iṣẹ́ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán.

Ara ohun tó bá a dù ú ni ọjà òkè òkun. Ìlú kan ní Jámánì, Idar-Oberstein, ti ń gbẹ́ agate tipẹ́tipẹ́. Àwọn tó ń lọ òkúta níbẹ̀ á dojú bolẹ̀ lórí àga onígi, wọ́n á máa fi òkúta ti ọlọ ràgàjì tí omi odò ń yí. Eruku rẹ̀ ba ẹ̀dọ̀fóró ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́, bó ti ṣe fún àwọn ará Khambhat náà. Nígbà tí agate ilẹ̀ wọn ń tán lọ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ọmọ ìlú náà tó ṣí lọ sí Brazil rí òmíràn ní Rio Grande do Sul, wọ́n sì ń fi ọkọ̀ kó o ránṣẹ́ sílé. Wọ́n wo bátànì Cambay, wọ́n gbẹ́ irú rẹ̀, wọ́n pa á láró, wọ́n kó o wá tà fún wa. Lásìkò tí àwọn Àgùdà ń ti Brazil padà wá sí Èkó ni òkúta Brazil náà ń gba Jámánì kọjá wá. Òkúta Brazil, ọwọ́ Jámánì, bátànì Íńdíà, ọrùn ìyàwó Yorùbá! Ibo ni kí a pè ní ìlú rẹ̀?

Ìyá arúgbó kan wà tí mo máa ń bá ra ìlẹ̀kẹ̀ lọ́jà ní Múṣin. Lọ́jọ́ kan mo bi í pé, "Ìyá, kí ló dé tí ẹ fi ń dá owó lé èyí lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ẹ sì ń fi ìwọ̀n ta ìyẹn?" Ìyá wò mí, ó ní, "Ọmọ mi, èyí tí mo mọ ẹni tó ni ín ni mò ń dá owó lé. Èyí tí n kò mọ ẹni tó ni ín, kí ni mo fẹ́ sọ nípa rẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí létí. Ẹ wo Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ dígí ni tibẹ̀, kì í ṣe òkúta, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan náà ni. Kí Leo Frobenius tó dé ibẹ̀ ní 1910 làwọn èèyàn ti ń wú ìlẹ̀kẹ̀ nílẹ̀ níbẹ̀ tí wọ́n ń tà á. Èyí tí wọ́n tà lọ ti dákẹ́. Àmọ́ nígbà tí Ọ̀mọ̀wé Abidemi Babatunde Babalola walẹ̀ níbẹ̀ láàárín 2010 sí 2012, tó fara balẹ̀ kọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà sílẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ tó lé ní 12,000 sọ̀rọ̀. Wọ́n jẹ́rìí pé àwọn ará Ifẹ̀ fúnra wọn ló ń ṣe dígí, kí òyìnbó tó dé.

Láti àwọn ọdún 1970 ni ìlẹ̀kẹ̀ Áfíríkà ti di ohun tí wọ́n ń wá kiri l'Ámẹ́ríkà. Ìwé ìròyìn kan tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Los Angeles ní 1974 tó ń jẹ́ The Bead Journal. Òfin kẹtàdínlọ́gọ́rin ti 1979 sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde nílẹ̀ wa láìgba ìwé àṣẹ. Ṣùgbọ́n òfin kò lè wọ inú àpótí ìyá ẹni lọ ṣọ́ ohun tí ọmọ rẹ̀ kò kà sí. Mo ti rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ: wọ́n sìnkú tán, wọ́n jà sí aṣọ òkè, wọ́n jà sí ilẹ̀, wọ́n sì fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣeré fún ọmọdé.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ òkúta, ẹ gbé e mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Òkúta á tutù, ike kò ní tutù tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀bẹ kò lè ha agate, òun ló lè ha dígí. Ẹ yẹ ihò rẹ̀ wò sí iná: bí ihò ọ̀tún àti ti òsì bá wọ́ díẹ̀ níbi tí wọ́n ti pàdé, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọwọ́ ènìyàn ló lu ú, láti orí méjèèjì.

Ṣùgbọ́n ohun tó ṣe kókó kò sí lára òkúta, ẹnu ìyá yín ló wà. Ẹ lọ bi í nísinsìnyí tó ṣì lè dáhùn. Ta ló fún un? Ọjọ́ wo? Kí ló fi wọ̀ ọ́? Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé, ẹ ká a sínú àpótí pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ náà. Ìwé yẹn nìkan ni kò ní jẹ́ kí wọ́n fi ìwọ̀n tà á lọ́jọ́ iwájú.