Ìlà Kan Tó Kúrò Nínú Linux, Tí Kò Kúrò Lọ́wọ́ Wa

Ẹ wo ilé akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Igbó-Elérin, lápá Okokomaiko, tí fóònù ogún wà lórí Wi-Fi kan ṣoṣo. Lójú server tó wà lókèèrè, ẹnì kan ni gbogbo wọn, torí àdírẹ́ẹ̀sì IP kan ni wọ́n jọ ń lò. NAT ni wọ́n ń pe ọgbọ́n yìí. Ọdún 1994 ni ìwé ìlànà rẹ̀ jáde, nígbà tí wọ́n rí i pé àdírẹ́ẹ̀sì ò ní kárí ayé.

Linux wá ní ètò kan tó ń jẹ́ tcp_tw_recycle. Bí ìsopọ̀ kan bá parí, Linux ṣì máa ń rántí rẹ̀ fún 60 ìṣẹ́jú àáyá. Ètò yìí ń jẹ́ kó tètè gbàgbé, kí àyè lè tètè ṣófo. Àmọ́ ó ń ṣọ́ timestamp tó wá láti àdírẹ́ẹ̀sì kọ̀ọ̀kan: ẹni tó bá mú èyí tó kéré ju ti ìṣáájú wá láàárín àkókò yẹn, server ò ní dá a lóhùn. Timestamp fóònù ogún ò sì lè bára mu láé. Ọ̀kan á wọlé, èkejì á máa yí bìrìbìrì. Ẹni tó ni fóònù á ní nẹ́tíwọọ̀kì ò dáa. Ẹni tó ni server á ní tòun ń ṣiṣẹ́.

Kí ni ìwé Linux fúnra rẹ̀ sọ? Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò ju pé kéèyàn má fọwọ́ kàn án láìgba ìmọ̀ràn àwọn tó mọ̀ ọ́n. Kò sọ ìdí. Ni àwọn tó ń kọ́ni bí server ṣe lè yára bá ń da ìlà náà kọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ní 2014, Vincent Bernat ṣe àlàyé gígùn lórí ewu rẹ̀. Ní 2017, Linux 4.12 yọ ọ́ kúrò pátápátá.

Wọ́n ní bí onírèsé bá kọ̀ tí kò fíngbá mọ́, èyí tó ti fín sílẹ̀ ò lè parun. Ìlà yẹn ṣì wà nínú àwọn sysctl.conf tí à ń dà kọ. Lórí kernel tuntun, kò rí nǹkan kan ṣe. Lórí ti àtijọ́, ó ṣì ń tilẹ̀kùn mọ́ èèyàn.

Torí náà, tẹ́ ẹ bá yí nọ́ńbà kan padà, ẹ kọ ìdí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ kọ kernel tẹ́ ẹ fi dán an wò àti ọjọ́ náà. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn á lè mọ ìgbà tó yẹ kó pa á rẹ́.