Ohun Tí Ó Yọ Síta: Ère Òkúta Èsìẹ́ àti Ìkòkò Ìlọrin

Ère òkúta Èsìẹ́, ìlú tí kò jìnnà sí Òmù-Àrán, tó nǹkan bí 1,000. Ní 1933 ni H. G. Ramshaw, alábòójútó ilé-ìwé ìjọ C.M.S., ròyìn wọn. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí a ṣí fún wọn ní 1945 ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ìtàn tí a ń kọ́ àwọn ọmọ ni pé àlejò ni wọ́n tí wọ́n di òkúta. Ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó gbẹ́ wọn.

Òkúta kì í wú. Bí ọmú tàbí kókó irun bá yọ gọngọ lára ère, a jẹ́ pé agbẹ́re ti ha gbogbo àyíká rẹ̀ kúrò. Ti ìkòkò yàtọ̀. Ní Ìlọrin, àwọn obìnrin amọ̀kòkò a máa da ògbólógbòó ìkòkò dojú délẹ̀, wọn a lu amọ̀ mọ́ ìdí rẹ̀. Ìdí ìkòkò kan ni ó ń bí òmíràn.

Nínú ìwé ìdánwò, ‘roboto’ ni gbogbo èyí. (Roboto ni igbá tí a ṣí, roboto ni èyí tí a dé, inú ọ̀kan jìn, ẹ̀yìn èkejì yọ!) Orí púpọ̀ nínú ère Èsìẹ́ ti kán, ojú ibi tí wọ́n ti kán fi hàn pé inú wọn kún dídì, kò ṣófo bí inú ìkòkò.