Ẹ̀rọ Àwòrán Níwájú Egúngún

Àjàṣẹ́ ni àwa ń pe Porto-Novo. Ní ìlú yìí, Egúngún ń jáde, Zángbétò sì ń ṣọ́ ìlú lóru. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fẹ́ fi ẹ̀rọ ya àwòrán wọn. Ẹ̀rọ wo ló lè mú ohun awo? Ẹ jẹ́ ká wo ìtàn.

Fáda Francis Aupiais dé ilẹ̀ Dáhòmẹ̀ ní ọdún 1903. Ó pẹ́ ní Àjàṣẹ́. Ó fẹ́ kí àwọn òyìnbó mọ̀ pé ọgbọ́n wà nínú àṣà wa. Ní ọdún 1930, Albert Kahn, olówó kan ní ilẹ̀ Faransé, ní kí Frédéric Gadmer bá fáda náà wá, kí ó máa ya àwòrán.

Ẹ̀rọ oríṣi méjì ni wọ́n lò. Èkíní ń ya àwòrán aláwọ̀ sórí dígí pẹlẹbẹ. Ìyẹ̀fun ọ̀dùnkún òyìnbó tí wọ́n pa láró oríṣi mẹ́ta ló ń mú àwọ̀ náà jáde. Àwòrán rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ó lọ́ra. Ó ń fẹ́ oòrùn púpọ̀, ẹni tí wọ́n ń yà sì gbọ́dọ̀ dúró jẹ́ẹ́. Ẹni tó bá mira yóò dà bí èéfín. Ẹni tí kò mọ̀dí lè sọ pé iwin ni.

Èkejì ni ẹ̀rọ sinimá. Ó ń mú ijó, ṣùgbọ́n kò ní àwọ̀, kò sì ní ohùn. Ìlù ń dún, ẹ̀rọ kò gbọ́. Lóru, nígbà tí Zángbétò ń rìn, kò sí èyí tó ríran dáadáa nínú méjèèjì.

Dígí 1.102 àti fíìmù bí 140 ni wọ́n kó lọ. Àmọ́ àwọn ọ̀gá Fáda Aupiais kò fẹ́ kí ó fi fíìmù ẹ̀sìn ìbílẹ̀ han gbogbo èèyàn. Ohun tí ẹ̀rọ rí, èèyàn tún bò ó mọ́lẹ̀. Títí dòní, àwọn àwòrán náà wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Albert Kahn, nítòsí Paris.

Nítorí náà, bí wọ́n bá fi àwòrán abàmì hàn yín, ẹ bèèrè: ẹ̀rọ wo ni? Ọ̀sán ni tàbí òru? Ta ló gbà kí wọ́n yà á?

Bí ẹ bá sì fẹ́ ya ọdún ìdílé yín, ẹ kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn àgbà. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ọjọ́, ibi àti orúkọ sẹ́yìn àwòrán. Ẹ̀rọ kò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin ti mọ̀ ọ́n kọ báyìí.